Bí Ará Bíńtín Ṣe Borí Tí Wọn Ò Mọ Orin Tí Wọ́n Máa Kọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbé àga yín bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò níbí, ẹ sì bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ó ti sọ tirẹ̀ tán, ó ku tèmi. Èmi Ọdẹ́tóún tí ẹ ń pè ní Ìyá Ọdẹ, ọmọ ọdẹ, ìyàwó ọdẹ, tí mo gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun. Ìwé tí mo kà kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ, orúkọ náà a sì máa rìn kúrò lórí ìlà bí mo bá kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n tó bá di ti orin, ẹ fi mí sílẹ̀. Orin kún inú mi dé ọ̀fun.

Ṣíyanbọ́lá, ìwọ tí ò ń tún ọ̀kadà ṣe, mo rí ọ níbi tí o káwọ́ gbera sí. Láti àná tí ẹgbẹ́ rẹ ti fìdí rẹmi nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, eré àkọ́kọ́ péré nínú ọ̀wọ́ eré àṣekágbá, o ò fẹnu kan oúnjẹ. Mojírọ̀lá ní tirẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí lu àwọn ọ̀gá mọ́lẹ̀, ó ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyá Ọdẹ, kò yé mi ni," Ṣíyanbọ́lá ní. "Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí."

"Ó ti wá ṣẹlẹ̀ báyìí," Mojírọ̀lá dá a lóhùn. "Ẹ lọ jẹun, bọ̀dá."

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ọmọ mi. Ojú mi ló ṣe, ní pápá àwọn iwin, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Tìrẹ tiẹ̀ dára, oúnjẹ nìkan lo pàdánù. Ní tèmi, èmi gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá borí. Bí mo bá dá orin, ẹ máa gbè é, kí n lè rántí gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo tọ ipasẹ̀ ìgalà kan wọ Igbó Máwẹ̀yìn. Ìgalà náà funfun bí ẹfun, ó sì láfojúdi. Bí mo bá ti na ìbọn sí i, á dúró, á yíjú padà, á wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni fẹ́ bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ọdẹ mìíràn ìbá ti padà sílé. Èmi kọ́. Èmi tí mo lé ìmàdò títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó jókòó, tó ní kí a jọ sinmi ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìmàdò náà sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ nínú yín. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń lọ:

Igbó, yà fún mi, Ọdẹ́tóún ló ń bọ̀,
Yà fún un, yà fún un.
Ẹ̀gún tó bá gún mi, ẹ̀gún á kán,
Yà fún un, yà fún un.
Iwin tó bá pè mí, orin ni mo fi ń jẹ́,
Yà fún un, yà fún un.

Igbó sì ń yà lóòótọ́. Àwọn igi ń ká gbòǹgbò wọn sókè bí obìnrin ṣe ń ká ìró kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i, wọ́n ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgalà pòórá. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo ti wà ní ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ kò lórí. Ọrùn lásán ni wọ́n gbé kiri. Èyí ń gbálẹ̀, èyí ń ṣán oko, wọ́n ń kọlu ara wọn gbì, gbì. Obìnrin kan tó ní ẹnu ní àtẹ́lẹwọ́ ló ṣàlàyé fún mi.

"Ẹ má bẹ̀rù," ó ní. "Eré bọ́ọ̀lù wà lónìí. Àwọn èèyàn wa ti fi orí ránṣẹ́ lọ gba ààyè. Ara ló dúró ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí tiyín ò lọ?"

"Tèmi náà lọ. Ẹnu nìkan ni mo dá dúró. Bí orí bá lọ láìgbé ẹnu dání, kò ní bá wọn jà níbẹ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè. Mo kí i, mo kọjá, mo sì kan oníbodè. Iwin onẹ́nu méjì ni, ẹnu kan lọ́tùn-ún, ẹnu kan lósì, imú kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹnu ọ̀tún ní, "Ta lò ń tì lẹ́yìn, Gàgàrà tàbí Bíńtín? Bí o bá pe Bíńtín, màá gé ọ jẹ."

Ẹnu òsì ní, "Bí o bá pe Gàgàrà, èmi ni màá gé ọ jẹ."

Èmi tí mi ò mọ Gàgàrà, tí mi ò mọ Bíńtín. Ọdẹ tó bá ṣubú sí ibi báyìí, ìbọn kọ́ ló máa fi jáde. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ dákun, àgbà, èmi àlejò ni. Ta lẹ rò pé ó máa borí nínú wọn?"

Ìbéèrè tó gbà mí là nìyẹn. Ẹnu ọ̀tún ní Gàgàrà ni, ṣé ó tún ku ìbéèrè ni. Ẹnu òsì ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bí wọ́n ṣe gbéjà ko ara wọn nìyẹn, wọ́n ń tutọ́ síra wọn kọjá imú tí kò ṣẹ̀ tí kò rò. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, wọn ò mọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ó bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ sí pápá gbalasa. Igi àràbà méjì kọjú síra wọn, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí kọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eré náà kò yàtọ̀ sí tiyín. Wọ́n á máa fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ bí ẹni ń lu ilẹ̀ lábàrá, wọ́n á gbé e sáré, wọ́n á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ní apá kan, àwọn ará Gàgàrà jókòó, wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ sí wọn léjìká. Ní apá kejì, àwọn ará Bíńtín jókòó, ẹni tó ga jù nínú wọn kò kọjá orúnkún mi.

Kí n tó mí, ará Gàgàrà kan ti fi ìka méjì gbé mi lẹ́yìn ẹ̀wù bí ẹni gbé òròmọdìyẹ. Ó gbé mi lọ síwájú Aláriwo, ẹni tó ń ṣe olórí àwọn tó ń kọrin fún Gàgàrà.

"Àlejò dé," Aláriwo ní. Ohùn rẹ̀ fẹ́ gèlè lórí mi. "Ìyá, ṣé ẹ mọ òfin? Àlejò tó bá wọ pápá lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́, ìlú tó bá borí ló ni ín. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, àwa náà ni. A ti níṣẹ́ fún yín. Bọ́ọ̀lù a máa há sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Orí àràbà lẹ ó máa gbé, kí ẹ máa fi igi tì í jáde."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

Mo wòkè. Mo rí i. Ó jókòó lórí ẹ̀ka, igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbẹ bí ẹja. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe láyà tó. Àyà náà, mi ò mọ ibi tó gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní kí n lọ jókòó níbi tó bá wù mí kí eré tó parí, n kò sì lè sá, nítorí oníbodè. Mo kọjá sọ́dọ̀ àwọn ará Bíńtín. Bí wọ́n ṣe rí mi, gbogbo wọn dìde.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá," wọ́n ní. "Ẹ kú àfaradà. Olódùmarè á tù yín nínú."

"Wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù," mo ní.

Ìyá arúgbó kan tí kò ga ju ìkòkò omi lọ di ọwọ́ mi mú. Ìyá Arọ́jú ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí ẹkún wọn. "Ọmọ mi," ó ní, "àwa kì í dúró dìgbà yẹn. Láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti wà ní kékeré ni a ti ń pàdánù eré àkọ́kọ́. A ti mọ̀ ọ́n ṣe. Wo èkuru ìtùnú níbẹ̀, ó ti jinná. Wo aṣọ ìnujú. Ẹni tó máa dákú lónìí, ọ̀rẹ́ mi yìí ni, ó ti tẹ́ ẹní."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí mi láti orí ẹní.

"Bí ẹ bá wá borí ńkọ́? Kí lẹ máa fi mí ṣe?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. "A máa ní kí o máa lọ sílé," Ìyá Arọ́jú ní. "Kí la fẹ́ fi ọdẹ ṣe? Àmọ́, ọmọ mi, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú."

Adájọ́ fọn ìwo. Etíjojú ni orúkọ rẹ̀. Kò lójú rárá, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì kẹ̀yìn sí pápá. Àwọn iwin kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú nínú ọ̀rọ̀ eré, wọ́n ní ojú gbogbo ló ní ẹgbẹ́ tó ń tì lẹ́yìn. Bí eré bá parí, Etíjojú á tẹ́tí sí àwọn òǹwòran. Apá tí ayọ̀ bá ti wá ló borí, apá tí ẹkún bá ti wá ló pàdánù. Kò ṣì í rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Gàgàrà kì í fò, wọn kì í sáré. Wọ́n á kàn na ọwọ́, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń kó ẹyin sínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, àwọn alátìlẹ́yìn wọn ti ṣe wọ́n lóore. Ó ti dá wọn lójú jù, wọn ò lè dúró kí eré parí kí wọ́n tó ṣe àsè ìṣẹ́gun. Àárọ̀ ni wọ́n ti gúnyán, tí wọ́n ti bọ́ àwọn ọmọ wọn, òkèlè lé òkèlè. Ọ̀gá nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Òpó, ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń wọ́ igi. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Oorun gbé e lọ síbẹ̀.

Àwọn Bíńtín ní tiwọn, ẹ̀rù ló kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọn kì í sún mọ́ ìdí àràbà. Eteetí pápá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ju tiwọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń jù ú, ọdọọdún ni kì í wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti ń mọ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, àwọn fúnra wọn pàápàá. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó jù ú dọ̀bálẹ̀ fún Gàgàrà.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

Òmíràn wọlé. Òmíràn tún wọlé. Nígbà tí ó yá, ẹni tó ń tọrọ àforíjì kò ráyè dìde mọ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀. Èmi ti bọ́ gèlè, mo ń fì í. Mo ń pariwo mọ́ ọmọ iwin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ pé kí ó jù ú, kí ó jù ú, kí ó má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Adájọ́ fọn ìwo ìparí. Bíńtín ti borí. Ó hàn sí gbogbo ẹni tó lójú.

Mo ń retí ariwo láti ẹ̀yìn mi. Ohun tí mo gbọ́ ni Ìyá Arọ́jú tó dá orin:

Ó tún bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́,
Ẹ rọra, ẹ rọra.
Ọdún tó ń bọ̀ ṣì ń bọ̀,
Ẹ rọra, ẹ rọra.

Gbogbo Bíńtín bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dákú sórí ẹní.

"Ìyá," mo ní, mo gbé e sókè kí ojú wa lè ṣe déédéé, "ẹ̀yin lẹ borí."

"A rí i, ọmọ mi. Ó yà wá lẹ́nu gan-an." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n kí la ó ti ṣe? Èyí nìkan la mọ̀. Èkuru sì ti jinná."

Ní apá kejì, àwọn Gàgàrà náà dìde, wọ́n ṣí ẹnu, orin tí wọ́n ń kọ láti ayébáyé ló jáde:

Àwa la ni ín, ẹ bi wá,
Gàgàrà, àwa la ni ín.
Bó ṣe rí léṣìí ló rí,
Gàgàrà, àwa la ni ín.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yàn wá jẹ, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Ojú wọn ti pọ́n. Orin mìíràn ni wọn ò ní.

Etíjojú yí etí kan sí ọ̀dọ̀ wọn, ó yí ìkejì sí ọ̀dọ̀ wa. "Ó ti yé mi," ó ní. "Bó ṣe máa ń rí náà ni. Ẹ jẹ́ kí n fín aáṣà mi tán, kí n dájọ́."

Ẹni tó ti gbẹ lórí àràbà fi igi tọ́ka sí àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń sún fún mi.

Mo ní kí àwọn Bíńtín gba orin ayọ̀ lẹ́nu mi kíákíá. Wọ́n gbà á, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dé ẹnu wọn ló ń rọ, ló ń fà, wọ́n ń nu imú láàrin ẹsẹ̀ orin, títí èmi alára fi ń sunkún tẹ̀lé e.

"Ìyá Ọdẹ, ẹ̀yin náà sunkún?" Ṣíyanbọ́lá ní.

Gbé ẹnu rẹ dákẹ́, ẹkún náà dùn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọdẹ ti wá wúlò. Mo wo ojú Aláriwo lókèèrè, mo sì mọ ohun tí mo rí. Ẹran a máa wà tí ọta bá ti bà á, tí kò tíì mọ̀. Á ṣì máa jẹko lọ, ẹsẹ̀ á ṣì dúró, ṣùgbọ́n ojú ti yí padà. Bí Aláriwo ṣe rí nìyẹn lẹ́nu orin. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ sí Ìyá Arọ́jú létí.

"Ìyá, àwọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn pàdánù. Kò sì sí ẹni tó tíì kí wọn."

Ó dáwọ́ ẹkún dúró gbọ̀ọ́. "Wọ́n pàdánù, ẹnikẹ́ni ò kí wọn?"

"Kò sí ẹyọ ẹnì kan."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fọn ìwo?" Inú bí i. N kò rí i kí inú bí i ṣáájú ìgbà yẹn. "Ṣé ẹranko ni wá ni? Ẹ gbé èkuru. Ẹ kó aṣọ ìnujú. Ìwọ, dìde lórí ẹní, wàá dákú lọ́la."

Bí wọ́n ṣe ya kọjá pápá nìyẹn, gbogbo Bíńtín, bí èèrà tó rí ṣúgà. Wọ́n gun ẹsẹ̀ àwọn Gàgàrà dé orúnkún, wọ́n gùn ún dé itan, wọ́n jókòó tì wọ́n. Wọn ò yájú, wọn ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ìyá Arọ́jú jókòó sórí orúnkún Aláriwo, ó ń fi ọwọ́ pa á lára.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi," ó ní. "Máa kọrin rẹ, mi ò ní kí o dákẹ́. Àkọ́kọ́ ló máa ń le. Tí o bá délé, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wàá máa rò pé ká ní Òpó ò bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà. Fi sílẹ̀. Gbogbo wa la ní ká ní tiwa."

"Àwa la ni ín," Aláriwo ń kọ, "Gàgàrà, àwa la…"

"Ó dùn ọ́, àbí?"

"Ìyá," ó ní, "ó dùn mí gan-an."

Ó bú gbàù. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò tíì gbọ́ ẹkún. Àwọn èèyàn tí wọn ò sunkún rí láyé wọn, gbogbo rẹ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ fò kúrò ní ìtẹ́. Omi ojú wọn sọ ìdí àràbà di àbàtà, ó gbé Òpó lójú oorun, ó jí, ó bi wọ́n pé ṣé àwọn ti borí. Wọ́n sọ fún un. Òun náà bú sí i.

Aáṣà já bọ́ lọ́wọ́ Etíjojú. "Ta ló ń sunkún báyìí? Apá Gàgàrà kọ́ nìyẹn?" Ó yí etí kejì sí apá Bíńtín. "Ibí sì dákẹ́. Ẹkún wà, ayọ̀ ò sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá èyí?"

Apá Bíńtín ti ṣófo, èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ni ayọ̀ dí, wọ́n ń pín èkuru. Mo bá gun orí àga, mo fi ìdí ìbọn lu pákó, mo gbé ohùn tí ìyá mi bí mọ́ mi jáde:

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó,
Bíńtín jù ú, ó wọlé.
Ó jù ú lókèèrè, ó tọrọ gáfárà,
Bíńtín jù ú, ó wọlé.
Ìyá Ọdẹ ò ní gbẹ lórí igi,
Bíńtín jù ú, ó wọlé.

Mo ń dá a, mo ń gbè é, mo ń jó o. Àwọn orí tó wá láti ìlú aláìlórí wà nílẹ̀ létí pápá, wọn ò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi máa jó, wọ́n ń yí gbirigbiri.

Etíjojú tẹ́tí títí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yọ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ fún gbogbo ìlú. Bíńtín ló borí."

Ìyá Arọ́jú gbọ́ ọ láti orí orúnkún. Ó fi aṣọ nu Aláriwo lójú kí ó tó yíjú sí mi. "Àlejò, ìwọ náà gbọ́. Ìlú wa ló ni ọ́, ìlú wa sì ní kí o máa lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà rèé. A ó bá ọ bá oníbodè sọ̀rọ̀."

Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ọ̀nà là gbayawu níwájú mi. Kò sẹ́ni tó dì mí mú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé ìkejì. Lẹ́yìn mi, ọmọ Bíńtín kan ti gbé bọ́ọ̀lù, ó ń gbá a mọ́lẹ̀, pó, pó, pó. Aláriwo ń bá a sọ̀rọ̀ láàrin ẹkún pé kí ó má rò pé eré kejì máa rí báyìí. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Mo dúró.

"Ìyá Arọ́jú," mo ní, "ìgbà wo ni eré kejì?"

"Ọ̀túnla. Kí ló dé? Ṣebí ilé lò ń lọ."

Mo sọ ìbọn kalẹ̀, mo padà sí àga mi, mo ní kí ẹnikẹ́ni má gba ààyè yẹn lọ́wọ́ mi. Ibi tí mo jókòó sí nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni mo ti dìde wá bá yín.